Ọkọ̀ Kan, Orúkọ Méjì: Ìtàn Harrier àti Lexus RX

Jíìpù kan wà tó ti di ará ilé lọ́dọ̀ wa. Ní Èkó, ní Ìbàdàn, ní Àbújá, ní Kútọnu, ẹ ó rí i níwájú ilé ìjọsìn, ẹ ó rí i níbi tí wọ́n bá ti ń ṣe ìnáwó lọ́jọ́ Sátidé, ẹ ó rí i lẹ́nu géètì iléèwé láàárọ̀ nígbà tí àwọn ìyá bá ń já ọmọ sílẹ̀. RX 300 ni àwọn kan ń pè é. Àwọn mìíràn ń pè é ní RX 330 tàbí RX 350, bí ọjọ́ orí rẹ̀ bá ti rí. Lexus ni gbogbo wa mọ̀ ọ́n sí. Ṣùgbọ́n ní ilẹ̀ tí wọ́n ti bí i, ọdún 11 gbáko ló lò láìjẹ́ Lexus.

Toyota Harrier lorúkọ tí wọ́n sọ ọ́ ní Jàpáánì nígbà tó jáde ní oṣù Kejìlá ọdún 1997. Ní oṣù Kẹta ọdún 1998, ọkọ̀ kan náà dé ilẹ̀ Amẹ́ríkà pẹ̀lú báàjì mìíràn níwájú, orúkọ rẹ̀ sì di Lexus RX 300. Erékùṣù Kyushu ní gúúsù Jàpáánì ni wọ́n ti ń ṣe é. Ara kan náà ni, egungun kan náà ni. Sítíárìn ti Jàpáánì wà lọ́wọ́ ọ̀tún, ti Amẹ́ríkà wà lọ́wọ́ òsì. Ti Jàpáánì tún ní oríṣi kan tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kéré, tó ní písítìnnì 4 péré, èyí tí wọn kò gbé lọ sí Amẹ́ríkà. Yàtọ̀ sí ìyẹn àti àwọn nǹkan kéékèèké inú ọkọ̀, báàjì ló yàtọ̀.

Àwọn kan máa ń bi mí pé kí ni akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè ń wá nínú ọ̀rọ̀ mọ́tò. Orúkọ ni mò ń wá. Kò sì sí ibi tí orúkọ ti ń gbówó lọ́wọ́ ẹni bíi ti ọjà ọkọ̀, gẹ́gẹ́ bí ẹ ó ti rí i tí a bá débẹ̀.

Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Ilé méjì ni Toyota ń wò. Ní Amẹ́ríkà, ojú ọkọ̀ tí kì í tètè bàjẹ́, tí owó rẹ̀ kò sì gani lára, ni wọ́n fi ń wo Toyota. Ẹni tó ti ń gun Mercedes kò ní sọ̀ kalẹ̀ kó wá ra Toyota, bó ti wù kí Toyota náà dára tó, nítorí kí ni àwọn aládùúgbò yóò sọ? Èyí ló fà á tí wọ́n fi dá ilé tuntun sílẹ̀ lọ́dún 1989, tí wọ́n pè é ní Lexus, tí wọ́n fún un ní ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ àti òṣìṣẹ́ tirẹ̀. Ní Jàpáánì, wọn kò nílò irú ẹ̀ nígbà náà. Àwọn olówó ibẹ̀ ti ń ra Toyota ọjọ́ ti pẹ́, ojú kò sì tì wọ́n. Nítorí náà, ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tó ń jẹ́ Lexus lókè òkun ló ní orúkọ Toyota nílé. LS 400 ni Celsior. GS 300 ni Aristo. ES 300 ni Windom. Bí ọmọ tí ìyá bàbá rẹ̀ ń pè ní Àjàní, tí àwọn ará iléèwé sì ń pè ní Michael, kò sí èyí tó jẹ́ irọ́ nínú méjèèjì.

Kì í kúkú ṣe báàjì nìkan ló mú ọkọ̀ yìí tà. Ṣáájú rẹ̀, ọ̀pọ̀ jíìpù ló jẹ́ pé ọkọ̀ akẹ́rù ni ìpìlẹ̀ wọn: ṣáṣí irin gbọọrọ nísàlẹ̀, ara ọkọ̀ lórí rẹ̀. Wọ́n lágbára, ṣùgbọ́n ẹni tó bá jókòó sẹ́yìn wọn lójú ọ̀nà tí kò dára yóò mọ̀ pé òun rìnrìn àjò. Àwọn tó ṣe Harrier gba ọ̀nà mìíràn. Ìpìlẹ̀ Camry ni wọ́n mú, wọ́n gbé e sókè, wọ́n fún un ní ara jíìpù. Wọ́n ti kọ́kọ́ fi àpẹẹrẹ rẹ̀ han ayé níbi ìpàtẹ ọkọ̀ ní Chicago ní oṣù Kejì ọdún 1997. Àmúlùmálà ni: ó ga, ẹ máa ń rí iwájú dáadáa láti inú rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń rìn bí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́. Lónìí, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé gbogbo iléeṣẹ́ ọkọ̀ lágbàáyé ló ní irú ẹ̀. Nígbà náà, kò wọ́pọ̀ rárá, pàápàá láàárín ọkọ̀ olówó ńlá.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí orúkọ méjèèjì, nítorí ibẹ̀ ló dùn mọ́ mi jù. Harrier jẹ́ irú àwòdì kan. Ní Jàpáánì, wọn kò tilẹ̀ fi àmì Toyota síwájú rẹ̀. Àmì ẹyẹ náà ni wọ́n fi síbẹ̀, bí ìgbà tí ìdílé kan bá ní oríkì tirẹ̀ lọ́tọ̀ nínú ìlú. Nínú ìpolówó rẹ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n, ọkùnrin kan tó wọ kóòtù òde ìnáwó, tí orí rẹ̀ jẹ́ orí kìnnìún, ló ń gun ọkọ̀ náà kiri. Ẹyẹ, kìnnìún, kóòtù: ìtàn ni wọ́n ń tà. Ní Amẹ́ríkà, lẹ́tà méjì àti nọ́ńbà ni wọ́n tà, nítorí bí àwọn Jámánì ṣe ń sọ ọkọ̀ wọn lórúkọ nìyẹn, àwọn Jámánì ni Lexus sì fẹ́ bá díje. Nọ́ńbà náà ní ìtumọ̀. 300 ni pé ẹ́ńjìnnì rẹ̀ jẹ́ lítà 3.0. Nígbà tí wọ́n pààrọ̀ ara ọkọ̀ náà lọ́dún 2003, ẹ́ńjìnnì di lítà 3.3, orúkọ di RX 330. Lọ́dún 2006 ó di lítà 3.5, orúkọ di RX 350. Èyí tó kọ́kọ́ bu iyọ̀ sí ọ̀rọ̀ ni RX 400h ti ọdún 2005, tó ń fi epo àti iná mànàmáná rìn pọ̀. Lítà 3.3 ni ẹ́ńjìnnì rẹ̀, kì í ṣe 4.0. Wọ́n ní agbára iná tí wọ́n fi kún un ló sọ ọ́ di 400. Ó dáa bẹ́ẹ̀.

Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2003, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe RX ní ìlú Cambridge ní Ontario, ní Kánádà. Òun ni Lexus àkọ́kọ́ tí wọ́n ṣe lẹ́yìn odi Jàpáánì. Láti ìgbà náà ni RX tó ń dé ọ̀dọ̀ wa ti ní ìlú ìbí méjì. Ẹ fi èyí sọ́kàn, a óò padà sí i.

Kí ló dé tó fi jẹ́ Lexus là ń rí, tí a kì í rí Harrier? Ẹ wo Kẹ́ńyà, Tànsáníà àti Ùgáńdà. Harrier kún títì wọn fọ́fọ́. Apá òsì títì ni wọ́n ń gbà níbẹ̀ bíi ti Jàpáánì, nítorí náà ọkọ̀ tí àwọn ará Jàpáánì bá ti lò tán a máa wọ ọkọ̀ ojú omi tààrà lọ sí Mombasa àti Dar es Salaam. Àwòdì yìí kò re Ìbarà, Mombasa ló rè. Àwa náà ti ń gba apá òsì rí, nítorí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ló kọ́ wa ní ọkọ̀ wíwà. Ọjọ́ kejì oṣù Kẹrin ọdún 1972 ni Nàìjíríà kọjá sí apá ọ̀tún. Gánà ṣe tirẹ̀ ní oṣù Kẹjọ ọdún 1974. Àwọn aládùúgbò wa tó ń sọ Faransé, Benin àti Togo, ti wà lápá ọ̀tún tẹ́lẹ̀. Ká ní a kò kọjá ni, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ Harrier ni ìyàwó yóò máa bẹ ọkọ rẹ̀ kó rà fún òun, kí ẹnikẹ́ni má sì mọ Lexus. Ìpinnu kan lórí títì ló yan orúkọ tí à ń pè.

Àwa náà kò sì jókòó lásán. Báàjì tiwa náà wà lórí ọkọ̀ yìí. Jíìpù tí à ń pè é, orúkọ iléeṣẹ́ mìíràn ni, Jeep ti Amẹ́ríkà, tí a ti sọ di ti gbogbo ọkọ̀ gíga. Ará Amẹ́ríkà tó bá gbọ́ tí ẹ ní "jíìpù mi, Lexus ni" yóò rò pé ọkọ̀ méjì lẹ ní. Lẹ́yìn ìyẹn ni Tòkunbọ̀. Ọmọ tí wọ́n bí sókè òkun tí wọ́n sì gbé wálé là ń sọ ní Tòkunbọ̀: ó ti òkun bọ̀. Kò sí orúkọ tó tún bá ọkọ̀ àlòkù mu tó bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ náà sì ti kúrò lọ́wọ́ Yorùbá nìkan. Ní Kánò, ní Ọ̀nìṣà, ní Pọ́tà, tokunbo ni tokunbo. Mo mọ ọ̀rọ̀ Yorùbá díẹ̀ tó rìn jìnnà tó bẹ́ẹ̀ nínú ọjà Nàìjíríà. Tẹ́lẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tòkunbọ̀ wọ̀nyí ló ń gba Kútọnu wọlé, kí ìjọba tó fi òfin dè é láti oṣù Kìíní ọdún 2017 pé ọkọ̀ kankan kò gbọdọ̀ gba ẹnubodè orí ilẹ̀ wọlé mọ́.

Báyìí, ọ̀rọ̀ owó.

Àǹtí mi kan ní RX 350. Ọ̀pá ọ́ìlì kan ń jò lára ẹ́ńjìnnì rẹ̀, ó sì lọ sí ọjà láti ra tuntun. Ohun àkọ́kọ́ tí ọlọ́jà bi í ni pé, "Mọ̀mí, ọkọ̀ wo lẹ fẹ́ fi sí?" Ó ní Lexus RX 350 ni. Wọ́n dá iye kan fún un tó mú kó padà sílé láti lọ ronú. Lọ́jọ́ kejì, mẹ́káníìkì rẹ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀bù mìíràn nínú ọjà kan náà, kò dárúkọ Lexus rárá. Ohun tó sọ ni pé òun fẹ́ ọ̀pá ọ́ìlì Camry V6. Iye tí wọ́n dá fún un kò tó ìdajì ti àná. Nígbà tí wọ́n fi nọ́ńbà tó wà lára páálí méjèèjì wé ara wọn, nọ́ńbà kan náà ni. Àǹtí mi ní, "Ṣé nítorí L yẹn ni mo ṣe fẹ́ẹ́ san owó yìí?" Mo ní nítorí ẹ ni.

Kò sí idán kankan níbẹ̀. Ẹ́ńjìnnì tó wà nínú RX 350 ni Toyota ń pè ní 2GR-FE. Òun náà ló wà nínú Camry V6 láti ọdún 2006 tí wọ́n pààrọ̀ ara rẹ̀, nínú Avalon, nínú Highlander, nínú Sienna, àti nínú Venza V6. Kọ̀ìlì, púlọ́ọ̀gì, wọ́tà pọ́ǹpù, páàtì inú ẹ́ńjìnnì: ẹ béèrè nọ́ńbà páàtì kí ẹ tó dárúkọ ọkọ̀, ì báà jẹ́ Ládìípọ̀ ní Mushin lẹ wà, tàbí Àràrọ̀mí ní Ìbàdàn, tàbí Abossey Okai ní Accra. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe sọ pé mo ní ohun gbogbo ló bára mu. Gíà RX 350 ti ọdún 2007 sí 2009 ní ìpele 5, ti Camry V6 ìgbà kan náà ní 6, wọn kò ṣeé pààrọ̀ fúnra wọn. Iná iwájú, bọ́ńpà, ilẹ̀kùn, dásíbọ́ọ̀dù, ti RX ni ti RX. Ìyẹn ni ibi tí owó Lexus wà ní tòótọ́.

Ọ̀pá ọ́ìlì tí mo ń sọ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Nínú àwọn 2GR-FE àkọ́kọ́, rọ́bà ni wọ́n fi ṣe àárín rẹ̀. Tí rọ́bà náà bá gbó, ó lè bẹ́ lójijì, ọ́ìlì yóò tú dànù láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, tí awakọ̀ kò bá sì tètè pa ọkọ̀ nígbà tí iná pupa bá tàn, ẹ́ńjìnnì ti lọ nìyẹn. Toyota mọ̀. Ní Amẹ́ríkà, wọ́n pe àwọn oníbàárà pé kí wọ́n gbé ọkọ̀ wá, wọ́n sì fi èyí tó jẹ́ irin látòkè délẹ̀ rọ́pò rẹ̀. Àdírẹ́sì ẹni tó ra ọkọ̀ náà ní Amẹ́ríkà ni ìwé ìpè náà lọ. Kò sí ẹni tó kọ ìwé sí àǹtí mi. Nítorí náà, tí ẹ bá ní RX 350 tàbí Camry V6 tàbí Highlander ti nǹkan bí ọdún 2007 sí 2010, ẹ ní kí mẹ́káníìkì yín tan tọ́ọ̀ṣì sí ẹ̀gbẹ́ ẹ́ńjìnnì níbi tí fáńbẹ́líìtì wà. Tó bá jẹ́ irin ló rí látìbẹ̀rẹ̀ dópin, wọ́n ti ṣe é. Tó bá rí rọ́bà láàárín, ẹ pààrọ̀ rẹ̀ kí ẹ tó gbé ọmọ rìnrìn àjò.

RX 300 náà ní tirẹ̀. Ẹ́ńjìnnì lítà 3.0 inú rẹ̀, tí wọ́n ń pè ní 1MZ-FE, tún wà nínú Camry àti Sienna ìgbà náà. Ọ́ìlì inú rẹ̀ máa ń dì bí ògì tó sùn tí wọn kò bá pààrọ̀ rẹ̀ lásìkò. Lọ́dún 2002, Toyota kọ̀wé sí àwọn tó ni ọkọ̀ tó lé ní mílíọ̀nù 3 ní Amẹ́ríkà, Toyota àti Lexus pọ̀, pé àwọn yóò tún un ṣe fún wọn láàárín ọdún 8 tí wọ́n ra ọkọ̀ náà. Iléeṣẹ́ ní àìpààrọ̀ ọ́ìlì ló fà á. Ọ̀pọ̀ oníbàárà ní àwọn ń pààrọ̀ rẹ̀ déédéé. Ọdún 8 yẹn ti tán tipẹ́. Ẹni tó ń gun RX 300 lónìí, ọ́ìlì pípààrọ̀ lásìkò nìkan ló kù fún un. Ní oṣù Kejì ọdún 2011 ẹ̀wẹ̀, wọ́n tún pe RX ti 2004 sí ìbẹ̀rẹ̀ 2007 àti Highlander ti 2004 sí 2006 padà, nítorí kápẹ́ẹ̀tì ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀ awakọ̀ lè há mọ́ tọ̀tù kó má jẹ́ kó padà sókè. Ẹ rí i pé báàjì méjèèjì ló wà nínú ìwé kan náà. Nígbà tí nǹkan bá bàjẹ́, iléeṣẹ́ kì í gbàgbé pé ọmọ ìyá ni wọ́n.

Bí ẹ ṣe lè mọ̀ rèé. Ẹ wo nọ́ńbà ṣáṣí, èyí tó wà lábẹ́ gíláàsì iwájú ní ẹ̀gbẹ́ awakọ̀. Ti ọkọ̀ Amẹ́ríkà máa ń jẹ́ lẹ́tà àti nọ́ńbà 17. Tó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú J, Jàpáánì ni wọ́n ti ṣe é. Tó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 2, Kánádà ni. Iléeṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń mójú tó ààbò ojú títì, NHTSA, ní ojú ewé kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì tí ẹ lè tẹ nọ́ńbà náà sí láìsan kọ́bọ̀. Yóò sọ fún yín bóyá àtúnṣe kan wà tí wọn kò tíì ṣe, láàárín nǹkan bí ọdún 15 sẹ́yìn. Ọ̀rọ̀ ìṣẹ́jú méjì ni. Ẹ ṣe é kí ẹ tó sanwó fún oníbùkátà ọkọ̀, kì í ṣe lẹ́yìn rẹ̀.

Kì í ṣe Toyota nìkan ló ń ṣe irú èyí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé tirẹ̀ ṣì lójú, nítorí ọmọ rẹ̀ ló sọ lórúkọ lẹ́ẹ̀mejì. Honda Passport tó jáde lọ́dún 1993, ọmọ ọlọ́mọ ni. Honda kò ní jíìpù nígbà náà, ó sì lọ gba Isuzu Rodeo, ó lẹ báàjì tirẹ̀ mọ́ ọn. Isuzu ló ń ṣe é pẹ̀lú Subaru nínú iléeṣẹ́ kan ní ìpínlẹ̀ Indiana. Àwọn ènìyàn wa tó wà ní Ìlú Ọba nígbà náà mọ ọkọ̀ kan náà sí Vauxhall Frontera. Honda ṣe é títí di 2002. Nígbà tó sì di 2010, tí ìpẹta ń jẹ ṣáṣí àwọn Rodeo àti Passport ti 1998 sí 2002, tí wọ́n pè wọ́n padà, àwọn tó gbà pé Honda ni wọ́n rà ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ ẹni tó bí ọmọ.

Ní ti Harrier, orúkọ rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2005, Lexus ṣí ṣọ́ọ̀bù ní Jàpáánì fúnra rẹ̀. Celsior, Aristo, Altezza, wọ́n di Lexus lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí RX tuntun dé ní oṣù Kìíní ọdún 2009, Lexus ni wọ́n pè é nílé àti lóko. Àwọn ará Jàpáánì kò sì jẹ́ kí àwòdì wọn lọ. Toyota ń ta Harrier àtijọ́ lọ fún ọdún mélòó kan sí i, lẹ́gbẹ̀ẹ́ RX tuntun, nígbà tó sì di 2013 ó ṣe Harrier mìíràn tí kò bá Lexus tan mọ́, fún Jàpáánì.

Lọ́dún 2020 ni èyí tó tẹ̀ lé e jáde, láìsí àmì ẹyẹ níwájú rẹ̀ mọ́. Àmì Toyota ló wà níbẹ̀. Ó tún wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Amẹ́ríkà, wọ́n sì tún pa orúkọ rẹ̀ dà. Venza ni wọ́n pè é lọ́tẹ̀ yìí, wọ́n sì ń tà á títí di ti ọdún 2024. Ẹ̀yin náà mọ Venza. Ṣùgbọ́n Venza tó kún Èkó, tó jáde láti 2008 sí 2015, ìpínlẹ̀ Kentucky ni wọ́n ti ṣe é, kì í sì í ṣe Harrier rárá. Orúkọ rẹ̀ ni wọ́n gbé fún ọkọ̀ mìíràn. Ẹni tó bá fẹ́ ra Venza báyìí, tí ọlọ́jà sì ní páàtì kan náà ni méjèèjì ń lò, kó wo ìbẹ̀rẹ̀ nọ́ńbà ṣáṣí. Tó bá jẹ́ 4, ti Kentucky ni. Tó bá jẹ́ J, Harrier lẹ dúró tì yẹn.